Bí Ẹ Bá Ń Fi Yàrá Kún Ilé, Ẹ Rántí Òjò

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, kí bíríkìlà tó fi ìpìlẹ̀ yàrá tuntun lélẹ̀, ẹ bi í léèrè: níbo ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò máa dà sí?

Bí òjò íǹṣì kan bá rọ̀ sórí paánù tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó gùn ní 12, omi rẹ̀ ju gálọ́ọ̀nù 60 lọ. Dúrọ́ọ̀mù kan kò gbà á. Bó bá ń dà sẹ́sẹ̀ ògiri, yóò jẹ ìpìlẹ̀. Bó bá ń ya wọ ilé aládùúgbò, ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́. Ànábì wa sì kọ̀ fún wa láti ni ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ ṣe gọ́tà oníkọnkéré tí yóò gbé omi lọ sójú àgbàrá. Kí ó máa fi íǹṣì kan rẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí omi má baà dúró di ilé ẹ̀fọn. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ paánù, kí ẹ sì dé e bí òjò bá dá: omi àlùwàlá dé nìyẹn. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹlẹ̀ tútù.