Ṣé O Mọ̀? Inú Rírun, Ẹní àti Èémí

Ṣé o mọ̀ pé nínú obìnrin 10 tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ní endometriosis? Irú awọ tó wà nínú ilé ọmọ ló ń lọ hù síta ilé ọmọ, tó sì lè fa inú rírun, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní àwọn tó ń bá fínra tó 190 mílíọ̀nù.

O ní àìsàn òyìnbó ni? Ó tì o! Àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn méjì n'Ìbàdàn níbí fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú obìnrin 239 tó wá gba ìtọ́jú, wọ́n sì bá a lára 115; ọdún 2015 ni ìwádìí náà jáde.

Gbà á wò: ọdún mélòó ló ń gbà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n? Ọdún 4 sí 12! Ọmọ tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ní JSS1 lè dàgbà, kó sọdá láti Agbowó wọ Yunifásítì Ìbàdàn, kó gboyè, kẹ́nikẹ́ni má tíì pe orúkọ àìsàn náà fún un.

Kàyéfì ni tèyí: ẹni tí tiẹ̀ kéré bíńtín lè máa yí nílẹ̀, kí ẹni tó kún inú rẹ̀ má sì mọ nǹkan kan lára. Ó tiẹ̀ máa ń dé ẹ̀dọ̀fóró àwọn mìíràn!

Ta ló mọ̀ pé ẹní lásán lè ṣoore? Ní Bùràsílì, obìnrin 28 ṣe yoga, eré ara àti èémí tí wọ́n ń ṣe lórí ẹní, ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8. Ìrora ojoojúmọ́ wọn dín kù ju ti àwọn 12 tí kò ṣe é lọ.

Fa èémí wọlé báyìí, jọ̀ọ́. Ṣé o mọ̀ pé iṣan tó gbé ilé ọmọ àti àpò ìtọ̀ ró náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọra lọ sísàlẹ̀ ni? Òun àti èémí jọ ń rìn ni.

Wọ́n ti ní kí o máa fún iṣan yẹn pọ̀ bí ẹni tó ń mú ìtọ̀ dúró? Rọra o: lára ọ̀pọ̀ ẹni tí abẹ́ inú ń dùn, ó ti le jù tẹ́lẹ̀, ìtura ló ń wá!

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Challenge n'Ìbàdàn mú ọ mọ́nú mọ́tò? Fa èémí, kà dé 4. Tú u sílẹ̀, kà dé 6. Jẹ́ kí ejìká rọ̀.

Nílé ńkọ́? Kúnlẹ̀, ya orúnkún, fi ìrọ̀rí sábẹ́ ikùn, kí o forí kan ẹní. Kò ná ọ ní kọ́bọ̀!

Ṣé o mọ̀ pé Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń fi físíò, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti oríkèé, gboyè ní Nàìjíríà, láti 1966? Àwọn ẹni tó lè tọ́ ọ sọ́nà kò jìnnà.

Wọ́n ní bó o bá ti bímọ, endometriosis yóò lọ? Ìtàn lásán ni: oyún kì í wò ó sàn, yoga náà kì í wò ó sàn, àmọ́ yoga lè mú kí ara fúyẹ́ bí o ṣe ń gba ìtọ́jú.

Ọ̀rẹ́ mi, inú rírun tó ń dáni dúró nílé ẹ̀kọ́ tàbí lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe ohun à-ń-fara-dà. Kọ ọjọ́ tó ń dùn ọ́ sílẹ̀, mú ìwé náà lọ bá dókítà, kí o sì sọ ọ́ síta!