Kọ́kọ́rọ́ Tí Ó Wọlé Tí Kò Yí

Ewéko kan wà tí ó sábà máa ń hù lórí ààtàn àti ní ẹ̀yìnkùlé. Òdòdó rẹ̀ rí bí fèrè, èso rẹ̀ sì kún fún ẹ̀gún. Apíkán ni àwọn kan ń pè é. Gẹgẹmu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ kan ti sọ ọ́ di ohun ìmutípara, ó yẹ kí àwa òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara.

Bí ọpọlọ bá fẹ́ rán ọkàn, ìfun tàbí apá níṣẹ́, iṣan ni ó ń gbé ìròyìn náà lọ. Níbi tí iṣan parí sí, èròjà kan tí à ń pè ní acetylcholine ni í dá àlàfo tí ó kù kọjá, bí ìránṣẹ́ tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ní ọdún 1921, ní ìlú Graz ní Austria, Otto Loewi mú ọkàn àkèré méjì. Ó ta iṣan tí ń mú kí ọkàn kìíní lù jẹ́jẹ́ jí. Ó bu omi tí ó yí ọkàn náà ká sí èkejì, èkejì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí lù jẹ́jẹ́. Òun àti Henry Dale gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1936.

Atropine àti hyoscine ni oró inú gẹgẹmu. Wọ́n jọ acetylcholine tó láti wọ inú àgádágodo rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í yí, wọn kì í sì í jẹ́ kí ìránṣẹ́ tòótọ́ ráyè wọlé. Nígbà náà ni ẹnu yóò gbẹ, tí ẹyinjú yóò fẹ̀, tí ọkàn yóò máa sáré, tí ara yóò gbóná láìlàágùn, tí ènìyàn yóò sì máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Dókítà a máa fi atropine tí kò ju mílígíráàmù kan lọ ta ọkàn tí ń lọ́ra jí. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè fi ojú wọn ohun tí ó wà nínú ewé tàbí kóró gẹgẹmu? Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Àgádágodo tí ó wà lára ẹran apá, ẹsẹ̀ àti àyà yàtọ̀ sí èyí. Curare, oró tí àwọn ọdẹ igbó Amazon ń fi sẹ́nu ọfà, ni ó ń tì í, tí ẹran kò fi ní lè mí mọ́. Ní ọdún 1935 ni Harold King yọ tubocurarine jáde láti inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1942, ní Montreal ní Kánádà, Harold Griffith àti Enid Johnson fi curare dẹ ara aláìsàn nígbà iṣẹ́ abẹ. Irú oògùn yìí kì í mú oorun wá, kì í sì í pa ìrora. Nítorí náà ni a fi ń fún aláìsàn ní oògùn oorun lọ́tọ̀, tí a sì ń bá a mí. Atracurium, tí a ṣe lẹ́yìn náà, a máa túká fúnra rẹ̀ nínú ooru ara, ó sì dára fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Nínú ẹ̀wà Calabar, tí àwọn Efik fi ń ṣe ìdájọ́ láyé àtijọ́, ni physostigmine wà. Ó ń dí ẹ́ńsáìmù tí ń run acetylcholine lọ́wọ́, kí àwọn ìránṣẹ́ lè pọ̀ tó láti ti ayédèrú kọ́kọ́rọ́ jáde. Dókítà lè fi í wo ẹni tí gẹgẹmu ṣe lọ́ṣẹ́. Neostigmine tí a ṣe ní àwòṣe rẹ̀ ni a fi ń tú ẹran ara sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ń sọ ìsọkúsọ lójijì, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, tí ẹyinjú rẹ̀ sì fẹ̀, kí a má ṣe yára sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ ni. Kí a má fún un ní epo pupa, kí a má sì fi ipá mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá. Bí a bá rí ewé tàbí èso tí ó jẹ, kí a mú un dání.