Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Òṣùpá

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí a jọ wà ní Òkè Ọya níhìn-ín, ó dá mi lójú pé ẹ ti rí i rí. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tí òṣùpá ṣì tín-ín-rín bí èékánná ní ìwọ̀-oòrùn, nígbà mìíràn ẹ ó rí ìràwọ̀ ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ń tàn yanran. Àgùàlà ni. Àwọn àgbà tún ń pè é ní ajá òṣùpá, nítorí wọ́n ní ó ń tẹ̀ lé òṣùpá kiri.

Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Kaduna, Venus ni mo mọ̀ ọ́n sí ní ilé-ìwé. Mo ti wọ yunifásítì kí n tó gbọ́ Àgùàlà lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí pé àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé Yorùbá kò ṣe é fi sọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò.

Lákọ̀ọ́kọ́, Àgùàlà kì í ṣe ìràwọ̀ gan-an. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, bí ilé ayé wa yìí. Kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ìkùukùu tó bò ó ń dá padà sí wa. Kò sì kéré sí òṣùpá rárá. Láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, òṣùpá jẹ́ kìlómítà 3,474, Àgùàlà jẹ́ 12,104. Jíjìn ló jìn. Kìlómítà 384,400 ni òṣùpá fi jìnnà sí wa. Bí Àgùàlà bá sún mọ́ wa jù lọ, ó ṣì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 40.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń rìn pọ̀? Ọ̀nà tí Àgùàlà ń gbà yí oòrùn ká wà nínú tiwa, nítorí náà kì í lè jìnnà sí oòrùn lójú wa. Dígírì 47 ló máa ń jìnnà mọ jù. Ẹ na apá yín tọ́ síwájú, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́: ẹ̀ṣẹ́ kan tó nǹkan bíi dígírì 10. Ẹ̀ṣẹ́ márùn-ún kò pé! Ìdí nìyí tí a fi ń rí i ní ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, tàbí ní ìlà-oòrùn ní ìdájí, ṣùgbọ́n tí a kì í rí i láàárín òru lókè orí wa. Òṣùpá ní tirẹ̀ ń yí gbogbo ojú ọ̀run ká ní nǹkan bí ọjọ́ 27, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́bàá Àgùàlà lẹ́ẹ̀kan ní àyíká kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jáde wo oṣù àwẹ̀, ẹ wò ó dáadáa: ní ọjọ́ kejì, òṣùpá á ti fi ohun tó ju ẹ̀ṣẹ́ kan lọ síwájú. Ajá wo ni olówó rẹ̀ ń fi sílẹ̀ lọ lóṣooṣù?

Ní 1610 ni Galileo gbé awò-awọ̀nàjíjìn sí i, tó rí i pé Àgùàlà náà ń lé, ó sì ń wọ́n bí òṣùpá. Bó ṣe ń yí padà yẹn fi hàn pé oòrùn ló ń yí ká, kì í ṣe ayé, bí àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ ti ń kọ́ni.

Ẹwà rẹ̀ kò ju ojú lọ o. Carbon dioxide ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó sì sé ooru mọ́ ibẹ̀ bí ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa sínú oòrùn ọ̀sán. Ooru ibẹ̀ ju dígírì 460 lọ. Òjé á yọ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ Venera 13 tí Soviet Union fi ránṣẹ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1982, kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú 32 ni wọ́n ṣe é fún; ó lo 127 kí ó tó dákẹ́. Ó gbìyànjú.

Bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí eruku kúrò lójú ọ̀run, ẹ jáde lọ wò ó. Ìràwọ̀ gidi a máa ṣẹ́jú wìrìwìrì. Àgùàlà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àwọn òbí yín bá sì ní orúkọ mìíràn fún un ní ẹ̀ka-èdè ìlú yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ fún olóòtú kí ìwé ìròyìn wa tó ń bọ̀ tó jáde.