Ta Ló Ń Jẹ́rìí sí Kọ̀ǹpútà Tó Gba Àṣírí Wa?

Láti ọdún 2021 ni ilé ìtọ́jú dátà ńlá ti wà ní Lomé. Bí oníṣòwò Assigamé bá kó ìwé gbèsè rẹ̀ síbẹ̀, inú ẹ̀rọ ẹlòmíì ló wà. Intel àti AMD ní ẹ̀rọ tó ń ti ilẹ̀kùn àṣírí mọ́ onílé pàápàá, tó sì ń mú ẹ̀rí jáde, bí òǹtẹ̀ ara òṣùwọ̀n, pé ètò inú rẹ̀ kò yí padà.

Ibo ni ká ti gba ẹ̀rí náà nínú Linux tó ń darí ẹ̀rọ ọ̀hún? Tẹ́lẹ̀, kálukú ló ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ní 2023, Dan Williams ti Intel dábàá ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó wọ Linux 6.7, tó jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024. Iṣẹ́ inú yàrá ṣì jẹ́ ti kálukú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, lójú tèmi.

Ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú dátà yín bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ lè mú irú ẹ̀rí yìí jáde.