Bí Áfíríkà àti Bùràsílì Ti Ṣe Pínyà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ́ àwòrán ayé sílẹ̀ yóò rí i pé etí ilẹ̀ Bùràsílì bá etí ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mu, bí awẹ́ obì méjì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ní ọdún 1912, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Alfred Wegener, kéde pé ilẹ̀ kan náà ni wọ́n nígbà láéláé. Ó tọ́ka sí egungun Mesosaurus, ẹranko afàyàfà kékeré tí kò lè wẹ agbami já, tí a rí nínú àpáta ní ìhà méjèèjì. Ṣùgbọ́n òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Wegener kò lè sọ agbára tí ń ti odindi ilẹ̀ kiri, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì fi í ṣe ẹlẹ́yà títí ó fi kú sí Greenland ní 1930.

Ìsàlẹ̀ òkun ni èsì wà. Èèpo ayé pín sí pẹlẹbẹ àpáta ńláńlá, bí èèpo ẹyin tí ó sán, àpáta gbígbóná abẹ́ wọn sì ń rìn díẹ̀díẹ̀. Láàrin gbùngbùn Òkun Àtìláńtíìkì, òkè gígùn kan wà lábẹ́ omi. Ibẹ̀ ni àpáta yíyọ́ ti ń ru jáde, tí ó ń tutù di ilẹ̀ òkun titun, bí pẹlẹbẹ ìhà méjèèjì ti ń jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ́dún, bí èékánná ti ń hù. Níbi tí pẹlẹbẹ kan bá sì ti ń wọ abẹ́ òmíràn, bí ó ti rí ní Ṣílè, òkè a ga, ilẹ̀ a sì mì. Ìmìtìtì ilẹ̀ ti 1960 níbẹ̀ ni ó lágbára jù lọ nínú gbogbo èyí tí a ti fi ẹ̀rọ wọ̀n.

Ní 1967, Patrick Hurley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà àti Bùràsílì gbé ẹ̀rí ńlá jáde. Nítòsí Accra, ààlà kan wà láàrin àpáta tí ó ti wà fún nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 2,000 àti èyí tí ó ti wà fún nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 550. Wọ́n ṣírò pé, bí ilẹ̀ méjèèjì bá ti so pọ̀ rí, ààlà náà yóò wọ Bùràsílì nítòsí São Luís. Wọ́n yẹ àpáta ibẹ̀ wò, wọ́n sì bá a bẹ́ẹ̀.

Àpá ìyapa náà wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Àfonífojì tí odò Bẹ́núé ń gbà jẹ́ ibi tí ilẹ̀ ti fẹ́ ya, tí kò sì ya tán. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 100 sẹ́yìn ni Áfíríkà àti Bùràsílì já kúrò lára ara wọn pátápátá. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Bahia, ilẹ̀ tí ó ti bá Áfíríkà jẹ́ ọ̀kan rí ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Àwòrán ni ó kọ́kọ́ fi èyí hàn, ṣùgbọ́n òkúta ni ó jẹ́rìí sí i.