Àmì Funfun Lára Ẹja Omi Òkun: Orúkọ Àrùn àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Nígbà tí ẹja inú àpótí gíláàsì olómi òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí fi ara họ òkúta, tí àmì wínníwínní sì yọ sí i ní lẹbẹ, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí olùtumọ̀ lẹ́nu ni ‘àrùn àmì funfun’. Ojú gba orúkọ náà, ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀. Ẹja omi odò náà ní àrùn àmì funfun tirẹ̀, èyí tí Ichthyophthirius multifiliis ń fà, iyọ̀ ni wọ́n sì máa ń fi kún omi láti wò ó. Ti omi òkun, ṣe ni wọ́n ń dín iyọ̀ kù.

Kòkòrò àfòmọ́ tí ń fa ti omi òkun ni Cryptocaryon irritans. Brown ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní 1951. ‘Ekuro tí ó pamọ́’ ni ìtumọ̀ apá kìíní orúkọ náà ní èdè Gíríìkì. Àmì rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn bu iyọ̀ wọ́n ẹja lára, ó ṣeé kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí funfun náà bá kúnná bí ìyẹ̀fun, tí ẹja sì ń mí gúlegúle, Amyloodinium ocellatum ni kí a fura sí, èyí tí ó lè pa ẹja láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Èdè-ìperí tí ó ṣòro jù ni ti ìpele ìgbésí-ayé Cryptocaryon. Èyí tí ń jẹ ara ẹja lábẹ́ awọ fún nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 7 ni ‘ajẹun’. Lẹ́yìn náà ni yóò já bọ́ sí ìsàlẹ̀ omi, tí yóò fi èèpo bo ara, tí yóò sì di ‘apínra’. Àwọn ọmọ tí ó bá jáde láti inú èèpo náà ni ‘ọdẹ’: bí wọn kò bá rí ẹja láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, wọ́n kú. Ọdẹ gan-an ni Gíríìkì pè é. Yorùbá kò yá ohunkóhun níbẹ̀.

Oògùn bàbà kì í ran ajẹun, bẹ́ẹ̀ ni kì í wọ èèpo apínra. Ọdẹ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ń tó. Olùkọ́ tí ó bá kàn kọ ọ́ pé ‘oògùn ń pa kòkòrò náà’ ti ṣi òǹkàwé lọ́nà. Òǹkàwé yóò rí i pé àmì ti ká kúrò lára ẹja ní ọjọ́ karùn-ún, yóò dá oògùn dúró, nígbà tí apínra kún ìsàlẹ̀ omi.

Nítorí náà, inú àpótí ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n kó ẹja sí. Bàbà ibẹ̀ yóò wà láàárín mílígíráàmù 0.15 sí 0.20 nínú lítà omi kan, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹni tí kò bá fẹ́ bàbà lè rọra dín iyọ̀ kù láti gíráàmù 35 sí nǹkan bí 16 nínú lítà kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú kòkòrò yìí kan wà tí ń fara dà á. Bàbà kò gbọdọ̀ kan àpótí àkọ́kọ́, nítorí ó ń pa iyùn àti edé. Kí àpótí náà wà láìní ẹja fún oṣù méjì ààbọ̀, nítorí apínra mìíràn a máa pẹ́ kí ọdẹ tó jáde nínú rẹ̀.