Òótọ́ àbí irọ́? Ìwé ẹ̀rí ikú ní àwọn káúntì Amẹ́ríkà

Bí àgbàlagbà ilé bá kú sí Amẹ́ríkà, kí omijé tó gbẹ lójú ẹbí ni àwọn olùdámọ̀ràn á ti dé sórí WhatsApp. Ọ̀kan á ní kí wọ́n lọ sí káúntì tó ń gbé, èkejì á ní ìyàwó ilé nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn, ẹ̀kẹta á ní òun mọ ẹnì kan tó lè bá wọn gbà á wéréwéré. Báǹkì ń dúró, ìnṣọ́ránsì ń dúró, àwọn tó máa gbé òkú wọ bàálù wálé náà ń dúró, ìwé ẹ̀rí ikú sì ni gbogbo wọn ń béèrè. Ẹ jẹ́ ká yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń lọ káàkiri yìí wò.

"Káúntì tí olóògbé ń gbé ni ẹ ó lọ."

Irọ́. Ibi tí ẹ̀mí ti bọ́ ni wọ́n ti ń kọ ikú sílẹ̀, kì í ṣe ibi tí ilé wà, kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n sin ín sí. Ká ní bàbá kan ń gbé ní káúntì Fort Bend ní ìpínlẹ̀ Texas, wọ́n wá sáré gbé e lọ sí ọsibítù ńlá láàárín Houston, ó sì kú síbẹ̀. Fort Bend kò ní nǹkan kan í sọ nípa rẹ̀ mọ́, káúntì Harris ló kú sí. Houston fúnra rẹ̀ tún ní ọ́fíìsì ìlú tó ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀, yàtọ̀ sí ti káúntì. Nítorí náà, àdírẹ́sì ọsibítù ni kí ẹ fi wá ọ́fíìsì tó kàn yín.

Ní àwọn ibòmíì, ọ̀rọ̀ káúntì kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Ilé iṣẹ́ ìlera ti ìlú New York ló ń bójú tó ti ìlú náà, akọ̀wé ìlú ló sì ń tọ́jú ìwé ní Massachusetts. Yàtọ̀ sí ti ìlú New York, ìpínlẹ̀ ní ọ́fíìsì tirẹ̀ pẹ̀lú, ibẹ̀ lẹ lè kọ̀wé sí bí ti ìsàlẹ̀ bá rú yín lójú.

"Dókítà ló ń kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀."

Irọ́ ni, irọ́ yìí ló sì ń kó ẹbí sí wàhálà jù. Ohun tó pa olóògbé ni dókítà ń kọ. Bó bá jẹ́ ikú òjijì tàbí ti jàǹbá, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ òkú wò ni yóò kọ ọ́. Gbogbo ìyókù, ẹnu yín ni àwọn asìnkú ti ń gbọ́ ọ, wọ́n á sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún wọn sínú ìwé náà, pẹ̀lú bí òun àti olóògbé ṣe jẹ́ síra.

Ẹ wo ohun tí wọ́n máa ń béèrè. Wọ́n á ní kí ni orúkọ ìyá olóògbé, orúkọ ìdílé tó ń jẹ́ kó tó lọ́kọ. Ká ní bàbá ẹni ọdún 85 ni olóògbé. Àjọkẹ́ ni gbogbo agbo ilé ń pe ìyá rẹ̀, kò sì jẹ́ orúkọ ìdílé kankan títí ó fi re ìwàlẹ̀ àsà. Ọmọ tí kò tíì sùn láti àná á wá já orúkọ kan lu akọ̀wé, akọ̀wé á tẹ̀ ẹ́, ó di àkọsílẹ̀ ìjọba nìyẹn. Ọmọ-ọmọ tó bá ń wá ìtàn ìdílé lẹ́yìn ọ̀la, orúkọ yẹn ni yóò bá. Ẹ pe àwọn àgbà nílé kí ẹ tó dáhùn.

Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Wọ́n á ní iṣẹ́ wo ló ṣe. Fọ́ọ̀mù tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún àwọn ìpínlẹ̀ láti máa wò kọ ṣe kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ṣe ni wọ́n fẹ́. Màmá tó ta aṣọ ní ọjà Gbági fún ọgbọ̀n ọdún kó tó wá bá wọn gbọ́mọ pọ̀n ní Chicago, aláṣọ ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ẹni tó kàn jókòó sílé.

Ní ti orúkọ olóògbé gan-an, bó ṣe wà lórí ìwé ìrìnnà àti ti báǹkì ni kí ẹ sọ ọ́, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ó bá di Olaniyan níbì kan, tó di Olaniyi níbòmíì, báǹkì á ní àwọn kò mọ ẹni tó kú. Àtúnṣe ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó ń jẹ owó àti àkókò. Ní California, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é. Texas fún àwọn tọ́rọ̀ kàn ní ọjọ́ 10 láti fi ikú sórí ìwé, California fún wọn ní ọjọ́ 8. Láàárín ìgbà yẹn ni kí ẹ ní kí àwọn asìnkú fi ohun tí wọ́n kọ hàn yín.

"Bí wọ́n bá kọ 'pending' síbi ohun tó pa á, ọlọ́pàá ń fura sí ẹnì kan."

Irọ́. Àyẹ̀wò òkú ni kò tíì parí. Wọ́n lè yọ̀ǹda òkú fún ìsìnkú, kí wọ́n sì fi ohun tó pa á sínú ìwé nígbà tí èsì bá dé. Àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan kì í sanwó títí èsì yẹn á fi jáde, ìyẹn nìkan ni ẹ̀rù rẹ̀.

"Ẹbí nìkan ló lè gbà á."

Òótọ́ díẹ̀, irọ́ díẹ̀. Ní Texas, títí ọdún 25 yóò fi pé, ọkọ tàbí aya, ọmọ, òbí, ọmọ ìyá, òbí àgbà àti ẹni tí òfin bá fi ṣe aṣojú wọn ló lè gbà á. Lẹ́yìn ọdún 25, ó di ti gbogbo ayé. Ní California, ẹnikẹ́ni lè gba ẹ̀dà kan, àmọ́ wọ́n á kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé kò ṣeé fi dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Èyí tó ṣeé lò ní báǹkì, ẹni tó bá tan mọ́ olóògbé á búra kó tó gbà á. Florida ń fún ẹnikẹ́ni tó ti pé ọdún 18, wọ́n á kàn yọ ohun tó pa á kúrò, ìyẹn á sì wà ní ìpamọ́ fún ọdún 50.

Ibi tó ti ń dun àwa Yorùbá ni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n tí bàbá tọ́ láti kékeré, tó ń san owó ilé, tó sùn sí ọsibítù títí ẹ̀mí fi bọ́, lè má sí nínú àwọn tí òfin dárúkọ. Lójú tiwa, ọmọ ni. Lójú akọ̀wé káúntì, àlejò tó mú káàdì ìdánimọ̀ dání ni. Kí ọmọ bíbí tàbí opó fọwọ́ sí i fún un, tàbí kí àwọn fúnra wọn lọ.

"Ẹ gba ẹyọ kan, kí ẹ ṣe fọ́tòkópì."

Irọ́. Ẹ̀dà tó ní èdìdì ìjọba ni báǹkì àti ìnṣọ́ránsì ń gbà, àwọn mìíràn kì í sì í dá a padà. Ẹyọ àkọ́kọ́ ní ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ Texas jẹ́ 20 dọ́là, àfikún kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbà pọ̀ mọ́ ọn jẹ́ 3 dọ́là. Ẹni tó bá padà lọ gba ẹyọ kan lóṣù tó ń bọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti 20.

"Bí káúntì kò bá ní in, Washington ní in."

Irọ́. Ìjọba àpapọ̀ ń ka iye òkú, kì í fúnni níwèé ẹ̀rí. Àjọ Social Security ń gbọ́ nípa ikú, ó sì lè fún opó ní 255 dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iye tí kò tó ra aṣọ ẹbí, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ikú kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni Washington ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹni tó ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà bá wálé wá ṣọdún, tó sì kú sí Ìbàdàn, kò sí káúntì kankan tó máa ní ìwé rẹ̀. Àjọ Ètò Ìkànìyàn ni ẹ ó ti gba ìwé ẹ̀rí ikú ní Nàìjíríà. Èyí ni ẹ ó mú lọ sí ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà ní Èkó, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà olóògbé, kí wọ́n lè kọ ìròyìn ikú ọmọ ìlú wọn tó kú sí òkè òkun. Ìròyìn yẹn ni báǹkì àti ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà máa ń lò dípò ìwé káúntì.